Láti Via Appia dé Títì Tchatchou: Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Kọ́ Ọ̀rọ̀ Ìrìnnà Nínú Èdè Látìnì

Tchatchou, tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní ẹkùn Borgou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ ìlú ẹ̀bá títì, nítorí pé ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu wá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Parakou, kí ó tó dé Malanville ní ẹnubodè Niger. Orúkọ tí ìjọba fún ọ̀nà náà ni Route Nationale Inter-États, tí a ń gé kúrú sí RNIE 2. Orúkọ èdè Faransé ni, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, èdè Látìnì ni a óò bá nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Route wá láti inú via rupta, èyíinì ni ọ̀nà tí a là. Nationale wá láti inú natio, tí ó bá ọ̀rọ̀ ìṣe nasci tan, ìyẹn kí a bí ènìyàn. Inter túmọ̀ sí láàárín. État sì jáde láti inú status, tí ó tan mọ́ stare, ìyẹn kí nǹkan dúró. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sọ Yorùbá, Bàrìbá tàbí Fúlàní nílé, tí ó sì ń fi Faransé kàwé, ti ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Látìnì lọ́wọ́ kí olùkọ́ tó wọlé, ohun tí ó sì kù ni kí a fi bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan hàn án.

Látìnì ni èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, òun ni ó sì bí Faransé, Sípáníìṣì, Potogí àti Ítálì. Kò sí àwùjọ kan tí ó ń fi í tọ́ ọmọ mọ́, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tí ì parẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ilé ẹ̀kọ́ Saint-Gall ní Ouidah, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà Ìjọ Àgùdà, bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ní àkókò tí Látìnì jẹ́ èdè ìsìn Ìjọ náà jákèjádò ayé. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn Gíríìkì òun Róòmù wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ìdílé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ni ti ọ̀nà fúnra rẹ̀. Via ni ọ̀nà, viator ni arìnrìn-àjò, viaticum sì ni owó àti oúnjẹ tí ènìyàn kó dání fún àjò. Láti inú viaticum yìí ni Faransé ti rí voyage, tí ó wá di orúkọ àjò náà gan-an, nígbà tí Ìjọ Àgùdà ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe oúnjẹ mímọ́ tí a ń fún ẹni tí ó ń kú lọ. Iter, tí ó máa ń yí padà sí itineris nígbà tí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ ti ìrìn àjò, ni ó bí itinéraire. Pes, pedis ni ẹsẹ̀, láti ara rẹ̀ ni a sì ti mú pedaticum, ìyẹn owó tí a ń san kí a tó fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ọ̀nà, èyí tí àwọn awakọ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní péage lónìí.

Ìdílé kejì ni ti gbígbé. Ọ̀rọ̀ ìṣe vehere túmọ̀ sí kí a fi ọkọ̀ tàbí ẹranko gbé nǹkan tàbí ènìyàn. Vehiculum ni ohun tí a fi ń gbé e, vectura sì ni iṣẹ́ gbígbé náà, èyí tí Faransé sọ di voiture. Àwọn ará Róòmù ní raeda, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó ń gbé èrò. Wọ́n ní cisium, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó yára. Wọ́n sì ní plaustrum, tí màlúù ń fà pẹ̀lú ẹrù wúwo. Lórí omi, navis ni ọkọ̀: navis oneraria ni ti ẹrù, nítorí pé onus ni ẹrù, navis longa sì ni ti ogun. Èbúté ni portus, gbígbé ni portare, ẹnu ọ̀nà sì ni porta, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra kí ó má baà pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí di púpọ̀ nítorí pé ọ̀nà ni Róòmù fi mú ilẹ̀ tí ó ṣẹ́gun dání. Ní 312 ṣáájú ìbí Krístì ni Appius Claudius bẹ̀rẹ̀ Via Appia láti Róòmù sí Capua, tí a sì wá fà á gùn dé èbúté Brundisium. A máa ń ri òkúta mọ́ ẹ̀bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti fi ka mille passus, ìyẹn ẹgbẹ̀rún passus, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbésẹ̀ méjì; gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 1,480, òun sì ni baba máìlì. Nígbà tí Augustus, olú ọba Róòmù, dá ètò ìránṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní cursus publicus sílẹ̀, ibi tí a ti ń pààrọ̀ ẹṣin ni mutatio, ibi tí a ti ń sùn mọ́jú ni mansio, ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó sì di maison, ilé, nínú Faransé.

Gírámà ni ó sábà ń dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Yorùbá máa ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrìnnà bá ṣe rí: à ń wọ ọkọ̀, à ń gun ẹṣin, à ń fi ẹsẹ̀ rìn. Látìnì lè lo vehi kan ṣoṣo, tí ó wá láti ara vehere tí ó sì túmọ̀ sí kí a gbé ènìyàn, kí ó sì yí ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ padà: equo vehi ni kí a gun ẹṣin, curru vehi ni kí a wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, nave vehi sì ni kí a wọ ọkọ̀ ojú omi. Bákan náà, ibi tí Yorùbá ti ń lo "sí", "láti" àti "ní" ṣáájú orúkọ ìlú, Látìnì ń sọ pé Romam fún lílọ sí Róòmù, Roma fún kíkúrò níbẹ̀, àti Romae fún wíwà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ìparí ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò ní lè fi sọ gbólóhùn kan.

Ọ̀rọ̀ kò tán lórí ohun àtijọ́. Ìwé atúmọ̀ Lexicon Recentis Latinitatis, tí ó jáde láti Vatican ní ọ̀rúndún ogún, kó ọ̀rọ̀ Látìnì jọ fún àwọn ohun tí Róòmù kò mọ̀. Nínú Látìnì òde òní, birota ni kẹ̀kẹ́, autoraeda ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ferrivia sì ni ojú irin, irú èyí tí ó gùn tó kìlómítà 438 láti Kútọnu, tí ó gba Tchaourou, tí ó sì dé Parakou ní 1936. Bọ́ọ̀sì pàápàá jẹ́ ìdajì omnibus tí ó kù, ìyẹn "fún gbogbo ènìyàn", orúkọ tí a fún ọkọ̀ èrò ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ títì ni ó ti Látìnì wá. Gare, ìyẹn ibùdókọ̀, wá láti èdè àwọn ẹ̀yà Jámáánì, chemin, ìyẹn ọ̀nà, jẹ́ ti àwọn ará Gaul kí Látìnì tó yá a, bẹ́ẹ̀ ni zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, jẹ́ ti Fọ̀n. Olùkọ́ tí ó bá sọ èyí fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò gbà á lọ́wọ́ àṣìtumọ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé rẹ̀ ní ìdílé-ìdílé, kí ó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe kún un: ex fún jíjáde, in fún wíwọlé, trans fún líla nǹkan kọjá, re fún pípadà. Bí ó bá ti mọ portare, exportation àti importation tí a kọ sára ìwé ẹrù kò ní ṣòro fún un. Bí ó bá sì mọ ire, ìyẹn lílọ, yóò lóye ìdí tí a fi ń pe ẹrù tí ó la Bẹ̀nẹ̀ kọjá lọ sí Niger ní transit, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà rí.