KÍ LÓ DÉ TÓ FI ṢE É? Ọ̀RỌ̀ CLIFFORD ORJI ÀTI ẸNU ÀWA ỌLỌ́JÀ

Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa tòṣù yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ìdọ̀tí inú gọ́tà tí a máa ń torí rẹ̀ bá ara wa jà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni.

Ẹ ò ní tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà àwọn aláta lọ́jọ́ Jímọ̀ ìjelòó, nígbà tí wọ́n wá ọmọ ọdún mẹ́ta kan tì. Obìnrin tí orí rẹ̀ kò pé yẹn, tó máa ń ṣa ata tó bá bọ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ dì mú. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun, ọjà ti mọ ìdí tó fi gbé ọmọ. Ọ̀kan ní olówó kan ló rán an. Òmíràn ní kì í ṣe wèrè, ó ń díbọ́n ni, pé ó ní ilé méjì. Ọmọkùnrin alábàárù kan ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé táyà wá. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, n ó sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ "ó ń díbọ́n ni" yẹn, ọdún 1999 ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọkùnrin abẹ́ bíríìjì

Ní oṣù kejì ọdún 1999, ọwọ́ tẹ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clifford Orji lábẹ́ bíríìjì ní Toyota Bus Stop, lójú ọ̀nà tó ti Oṣòdì lọ sí Àpápá, nílùú Èkó. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá ti máa ń rí i, wèrè ni wọ́n kà á sí. Àfi ìgbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n bá orí òkú àti ẹran ara ènìyàn níbi tó ń gbé. Wọ́n ní ó ń pa èèyàn, ó sì ń jẹ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo Nàìjíríà kan. Kò sí ìwé ìròyìn tí kò sọ ọ́.

Oṣòdì ni èmi ti ń ta ẹ̀wà nígbà náà, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọjà dà rú. Àwọn kan da aṣọ bo àtẹ, wọ́n wọ mólùè, ó di ibi ìran. Èmi náà lọ, n kò ní purọ́. Èrò tí mo bá níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló lè kà á. Ohun tí ojú mi rí kò ju ìpàkọ́ àwọn tó dúró níwájú mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀wà mi, tí àwọn oníbàárà ń bi mí, ńṣe ni mò ń ròyìn bí ẹni pé èmi gan-an ni mo mú un.

Àwa la dá ẹjọ́ náà

Kí la ní ó sún un ṣe é? Àwọn kan ní wèrè gidi ni, pé kò mọ̀yàtọ̀ ẹran ewúrẹ́ sí ti èèyàn. Àwọn kan ní ebi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù ní kì í ṣe wèrè rárá, iṣẹ́ ló ń ṣe fún àwọn èèyàn ńlá, pé ẹ̀yà ara ló ń tà fún wọn. Ẹ sì rántí pé oṣù ìbò ni oṣù náà. Ọjọ́ 27 oṣù kejì 1999 ni wọ́n dìbò ààrẹ tó gbé Olóyè Ọbásanjọ́ wọlé. Kíá, ọjà ti di ẹrù náà lé àwọn olóṣèlú lórí.

Ohun tó jẹ́ kí a gbà á gbọ́ ni pé ìròyìn ń lọ pé wọ́n bá fóònù alágbèéká lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ohun ńlá. GSM kò tíì dé ilẹ̀ wa nígbà náà, ọdún 2001 ló dé. Ní 1999, olówó ló ń gbé fóònù kiri. Wèrè ṣe wá ní in? Mi ò sọ pé irọ́ ni o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹnì kan nínú àwa tí à ń sọ ọ́ tó fojú rí fóònù náà, kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ẹni tó ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ẹjọ́ náà ṣe rí. Wọ́n gbé Orji lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé ní Kírìkírì. Láti 1999 títí di oṣù kẹjọ ọdún 2012 tó kú sínú ẹ̀wọ̀n, ọdún mẹ́tàlá, ẹjọ́ náà kò parí. Adájọ́ kankan kò sọ pé ó jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sọ pé kò jẹ̀bi. Bí àwọn kan bá wà tó rán an níṣẹ́, oorun wọn ni wọ́n ń sùn. Bí kò bá sì sí, a ti ba èèyàn lórúkọ jẹ́ lásán. Àwọn tó kú ńkọ́? Ọmọ ta ni wọ́n? Ìyàwó ta ni? Nínú gbogbo ariwo wa, n kò rántí ẹnì kan tó bèèrè orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣe é dùn lẹ́nu wa ju ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe é sí lọ.

Ohun tí lọ́yà sọ fún mi

Mo bi lọ́yà kan tó máa ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ mi pé, "Bùọ̀dá, tí wọ́n bá mú apànìyàn, ṣé kì í ṣe ìdí tó fi ṣe é ni kóòtù máa kọ́kọ́ wá?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Màmá." Ó ní ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò nílẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, abala 24, sọ ọ́ kedere pé ohun tó sún èèyàn ṣe nǹkan kò kan bóyá ó jẹ̀bi, àyàfi níbi tí òfin bá dìídì sọ pé ó kàn án. Ohun tí kóòtù ń bèèrè ni pé: ta ló ṣe é? Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ṣé orí rẹ̀ pé nígbà tó ń ṣe é? Ẹlẹ́rìí dà? Ó ní ìdí lè ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti tọpa ẹni tó ṣe é, ṣùgbọ́n ìdí nìkan kò lè gbé ẹjọ́ dúró. Ó tún ní òfin ńlá ilẹ̀ wa ti 1999, abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kóòtù yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi.

Ẹ ò rí i pé ibi tí kóòtù ń parí sí ni àwa ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó rí nǹkan gidi, bóyá ọmọdé tó ń kiri omi, kò ní ráyè sọ̀rọ̀, torí pé ariwo àwa tí a kò rí nǹkan kan ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ń pa èèyàn

Ẹ lè ní, "Ìyá Ẹlẹ́wà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ha ni, ta ni ó pa?" Ó ń pa o. Ẹ rántí Badoo ní Ìkòròdú, láàárín 2016 sí 2018. Wọ́n ń wọlé tọ àwọn ẹbí lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí wọn lójú oorun. Ọ̀rọ̀ gba ìlú pé áńkáṣíìfù ni wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, pé àwọn olówó ló ń rà á. Ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, ó sì tọ́ kó bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdí ti dúró lọ́kàn ìlú, kò ku nǹkan mìíràn bí kò ṣe ká rí ẹni tí a ó fi í kàn. Ní oṣù keje 2017, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í lu àlejò pa ní Ìkòròdú. Apanilẹ́rìn-ín kan wà lára àwọn tí wọ́n pa, tí kì í ṣe Badoo, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà ní í dá. Tìgbà náà kọjá ìjà, ikú ló dá.

Ọmọ aláta

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti Jímọ̀. Ìyálọ́jà wa ló gba ẹ̀mí obìnrin yẹn là. Wọ́n jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lù ú kó lu àwọn náà. Wọ́n wá bi ọjà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i pé ó gbé ọmọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ọjà dákẹ́ lọ. Kò sí ẹnì kan. Níbi tí a ti ń wo ara wa lójú, wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ. Ẹ̀yìn àpò gaàrí, ní ìsọ̀ kẹta sí ti ìyá rẹ̀, ló sùn sí. Ariwo wa ló jí i.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé olówó ló rán obìnrin náà, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì tún mi orí sí ohun tí mi ò rí. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni ní ọjà wa, ká ṣe báyìí: ẹni tó bá rí nǹkan, kó sọ ohun tó rí, kó má fi èyí tó gbọ́ kún un. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹni tí wọ́n mú. Ká fà á lé àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni ní Èkó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, kí ẹlẹ́rìí wa má sá. Ẹjọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí, inú àtìmọ́lé ló máa ń hù olú sí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká máa ríran. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ogun àdánwò, ọjà á tà, àmín.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́