Fọ́tò Aláwọ̀ Tàbí Dúdú-àti-Funfun: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Fọ́tò Yíyà?

Ẹni tó bá ń ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Bìní yóò mọ Ofosu, ìlú àwọn àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ká ní ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, tó fẹ́ ya ìyá rẹ̀ àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ òfì. Ó rántí àwòrán àwọn àgbà tó wà lára ògiri, ó sì yí kámẹ́rà rẹ̀ sí dúdú-àti-funfun. Àwòrán náà wuyì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá kò bá sí mọ́, bí ọmọ kan bá béèrè bóyá àlàárì ni òfì ọ̀hún tàbí ẹtù, ta ni yóò dá a lóhùn? Àlàárì pupa ni, ẹtù sì jẹ́ aláró. Nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, méjèèjì lè ṣú dùdù bákan náà.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti fóònù òde òní kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Bí a bá ní kó ya dúdú-àti-funfun, ẹ̀rọ náà yóò sọ àwọ̀ wọ̀nyẹn di oríṣiríṣi eérú. Bó bá jẹ́ fáìlì JPEG ló fi pamọ́, àwọ̀ ti lọ nìyẹn. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún òmíràn pọn; ṣùgbọ́n fọ́tò tí àwọ̀ ti kúrò lára rẹ̀ báyìí, agbè rẹ̀ ti fọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán rẹ̀ ní aláwọ̀, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó sì yọ àwọ̀ kúrò lára ẹ̀dà náà. Bí kámẹ́rà bá ní RAW, ojú rẹ̀ lè fi dúdú-àti-funfun han ayàwòrán, síbẹ̀ kí àwọ̀ wà nínú fáìlì.

Nígbà wo wá ni dúdú-àti-funfun dára jù? Nígbà tó bá jẹ́ pé ìrísí ohun tí a ń yà ló ṣe pàtàkì. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 ní agbègbè tó di ìpínlẹ̀ Edo lónìí, tó sì kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Dúdú-àti-funfun ló fi yà wọ́n, ojú sì ń tẹ̀ lé ọwọ́ onídìrí láti orí òwú dé orí òwú, láìsí àwọ̀ tí yóò fa ojú síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilà ojú àti ara híhunjọ àgbàlagbà ṣe ń hàn kedere.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oko kókó ni, àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kókó tó ti pọ́n ń tàn láàrin ewé. Bí àwọ̀ bá kúrò, èyí tó pọ́n àti èyí tó tutù lè di ìkan náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀: bí àwọ̀ bá lọ, kí ni yóò kù? Bó bá jẹ́ ojú ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló kù, kó yọ ọ́. Bí kò bá kù nǹkan kan, kó fi í sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé dúdú-àti-funfun yóò tún fọ́tò tó bàjẹ́ ṣe. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi òjìji bo ẹyinjú. Abẹ́ òrùlé, pẹ̀lú ojú tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ló sàn jù. Ohun tó lè tún ṣe ni àwọ̀ àjèjì, irú èyí tí tapólì aláwọ̀ búlúù ń dà sójú ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Bí ọ̀dọ́ Ofosu yẹn bá ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò méjì ni yóò ní: ọ̀kan fún ògiri, ọ̀kan fún ọmọ tí yóò béèrè nípa òfì ìyá àgbà.