Ta Ló Fún Ìdáhùn Yẹn ní 5?

Ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ méjì tó ti ń bàlágà dùbúlẹ̀, ọ̀fìnkìn ń bá wọn jà. Kò sí ẹbí, kò sí ọ̀rẹ́ tó lè yọjú sí wọn. Ó ku wákàtí 3 kí o wọṣẹ́. Kí lo máa ṣe?

Gary Latham, onímọ̀ nípa ìwà ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé irú ìbéèrè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí jáde lọ́dún 1980, nígbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n á ṣe mọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní sọ́mìlì. Ẹni tó ní òun á dúró ti ẹbí gba máàkì 1. Ẹni tó ní òun á pe ọ̀gá, kí òun ṣàlàyé, gba 3. Ẹni tó ní ọ̀fìnkìn lásán ni, òun ń bọ̀ níbi iṣẹ́, gba 5. Wọn ò dédé pín máàkì o. Wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí òṣìṣẹ́, ohun tí òṣìṣẹ́ gidi àti ọ̀lẹ ti ṣe lójú wọn rí. Ọgbọ́n tí John Flanagan kọ sílẹ̀ lọ́dún 1954 nìyẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe fún ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1982, Tom Janz yà sí ọ̀nà mìíràn: ẹ má bèèrè ohun tí ènìyàn máa ṣe, ẹ bèèrè ohun tó ti ṣe.

Ẹ wá gbé ìbéèrè ọ̀fìnkìn yẹn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí ẹbí kẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló máa ní àwọn á ránṣẹ́ pe ìyá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí kí àwọn kanlẹ̀kùn aládùúgbò. Ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ kò sí nínú mẹ́ta yẹn. Agbanisíṣẹ́ tó bá da ìwé máàkì òkèèrè kọ yóò fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọ̀gá báǹkì wa àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa ló yẹ ká ti kọ tiwa.

Ìbéèrè Janz náà nílò àmójútó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Fásitì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin, Ìjagun, kò tíì ríṣẹ́ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó ti lè bá ìyá rẹ̀ tajà ní Òkè-Ajé, ó sì ti lè tọ́jú owó aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, fún ọdún Ojúde Ọba láìsí kọ́bọ̀ tó sọnù. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, kí wọ́n fún un ní máàkì rẹ̀ ní kíkún. Ìwádìí Paul Taylor àti Bruce Small lọ́dún 2002 fi hàn pé ìbéèrè ohun tí a ti ṣe fi díẹ̀ borí ìbéèrè ohun tí a máa ṣe, pàápàá níbi tí wọ́n bá kọ àpẹẹrẹ ìdáhùn sí ẹ̀gbẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nílẹ̀ wa: bí ọ̀gá àgbà inú ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wá olùwáṣẹ́ lẹ́nu wò bá ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò já a ní koro? Kí oníkálukú kọ máàkì rẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí ẹni tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ sì kọ́kọ́ ka tirẹ̀ síta.