Ìdí Tí Ibà Pọ́njú Kì Í Fi Pa Ẹ̀fọn

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1929, William T. Francis, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà, dágbére fún ayé ní ìlú Monrovia. Ibà pọ́njú ni ó pa á. Àrùn yìí a máa ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, a máa sọ ẹyinjú aláìsàn di àwọ̀ ìyeyè, bí ó bá sì le tán, aláìsàn a máa bì ẹ̀jẹ̀ dúdú.

Láti ọdún 1900, tí àwọn oníṣègùn ológun Amẹ́ríkà, tí Walter Reed ṣáájú wọn, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Kúbà, ni ayé ti mọ̀ dájú pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan kù níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí ó ń pa ènìyàn kì í sábà pa ẹ̀fọn tí ó gbé e. Ẹ̀fọn náà ń fò, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń yé ẹyin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Kí ni ó fà á?

Ẹ̀fọn kò káwọ́ gbera. Nígbà tí ó bá mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ògiri ikùn rẹ̀ ni odi àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń pàdánù. Bí ó bá wọlé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, a máa ṣe okùn oníméjì kan tí kì í ṣe ti ara ẹ̀fọn. Èyí ni ó ń tú u fó. Èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dicer-2 a gé okùn náà wẹ́wẹ́. Èkejì, Argonaute-2, a mú ègé kan lọ́wọ́ bí ẹni mú àpẹẹrẹ aṣọ olè, a fi wá àwọn tí ó jọ ọ́, a sì gé àwọn náà.

Síbẹ̀, ìjà yìí kì í sábà pa fáírọ́ọ̀sì run. Ó kàn ń dín in kù ni. Nínú ìdánwò kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, a fi ọgbọ́n sọ ohun ìjà yìí di aláìlágbára nínú ẹ̀fọn tí ó gbé fáírọ́ọ̀sì mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ kọjá ààlà, àwọn ẹ̀fọn náà sì tètè kú. Nítorí náà, ohun tí ó ń gba ẹ̀fọn là gan-an ni ó ń mú kí ó pẹ́ láyé tó láti pa ènìyàn lára. Ẹni tí ó bá rù ú là lọ́wọ́ ibà pọ́njú kì í tún ní in mọ́. Ẹ̀fọn tí ó bá kó o, ó gbé e títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀ ni.

Àyè kan wà níbẹ̀ fún ènìyàn. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí fáírọ́ọ̀sì tó ti ikùn ẹ̀fọn dé inú itọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ni kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ ní ayé, inú omi tí ó dúró sínú àgbá, ìkòkò àti táyà àlòkù ni irú ẹ̀fọn yìí sì ń yé ẹyin sí. Ẹni tí ó bá ń bo àgbá omi rẹ̀, tí ó sì ń da omi àìlò nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ń pa ẹ̀fọn kí ó tó hu ìyẹ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni apata kejì, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ọdún 1927, a gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gánà, láti inú rẹ̀ ni a sì ti rí fáírọ́ọ̀sì náà. Ní ọdún kan náà, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ìwádìí yìí, kú ikú ibà pọ́njú ní Èkó. Láti inú fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1937. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, a bẹ̀rẹ̀ ètò láti gún un fún nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá ènìyàn ní Làìbéríà, Sàró àti Benin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ọjọ́ ayé wọn.

Ẹ̀fọn bí ohun ìjà tirẹ̀ mọ́ ara ni. Ènìyàn kò bí abẹ́rẹ́ mọ́ ara. Ó ní láti dìde lọ gbà á.