Ọ̀sán ni sójà wọ Kàlákúta, alẹ́ ni òṣèré ń sọ ọ́

Nínú eré Fela! tó gun orí ìtàgé Broadway ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Sahr Ngaujah, òṣèré tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, ló ṣe Fẹlá, olórin Afrobeat. Ó ń kọrin, ó ń dá àpárá, ó ń kọ́ àwọn òǹwòran bí wọ́n ṣe ń jùdí ní Shrine, òde ijó Fẹlá. Ibi tí fàájì ti ń gbóná ni ọ̀rọ̀ sójà ti já lù ú.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí lójú ayé. Ojú ọ̀sán ni sójà dé, lọ́jọ́ Ẹtì, 18 oṣù kejì ọdún 1977. Kàlákúta, ilé Fẹlá, wà ní ojúlé 14, Agége Motor Road, ní agbègbè Mushin. Afrika Shrine tó ti ń ṣeré lóru wà nítòsí, nínú Empire Hotel ní Ìdí-Òro. Ilé ni wọ́n lọ bá wọn, kì í ṣe òde ijó.

Kí ló fa ìbínú sójà? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dá Zombie, rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá, lẹ́bi, èyí tó fi àwọn sójà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í ronú àyàfi tí ọ̀gá bá pàṣẹ. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo kàlẹ́ńdà. FESTAC, àjọ̀dún àṣà tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ náwó bí ẹlẹ́dà sí, bẹ̀rẹ̀ ní 15 oṣù kìíní, ó sì parí ní 12 oṣù kejì. Fẹlá ti yẹra fún un. Àwọn àlejò olórin tí ìjọba pè wá, Gilberto Gil ará Brazil wà lára wọn, ni wọ́n ń wá a lọ sí Shrine, ibẹ̀ ló sì ti ń tú àṣírí ìjọba fún wọn. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí àjọ̀dún parí ni sójà dé. Mi ò rò pé ó ṣèèṣì bọ́ sí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sójà láti báráàkì Abalti ni wọ́n máa ń sọ pé ó yí ilé náà ká. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, wọ́n sọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ìyá Fẹlá, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé. Ilé jóná, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí Bẹ́kọ̀ àbúrò Fẹlá ń darí jóná pẹ̀lú. Téèpù ohùn fíìmù The Black President, nínú èyí tí Fẹlá ti ṣe eré ìtàn ara rẹ̀, bá iná lọ. Fíìmù náà kò parí títí dòní. Ìyá kú ní 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Kalu Anya darí ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹbí bá gba ilé ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì pàdánù ní 1985. Ìdí rẹ̀ ni òfin kan tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, tó ní ọba kì í ṣẹ̀, nítorí náà a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bà jẹ́. Ìwé òfin ọdún 1979 ti gba ààbò yìí lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọdún méjì ṣáájú ni ilé ti jóná.

Bí ilé ẹjọ́ ti pa fáìlì dé nìyẹn, ló bá ku àwọn òṣèré. Eré Broadway gba àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta ní 2010, ó sì wá sí Èkó ní 2011. Ó dùn, àmọ́ Fẹlá ló gba gbogbo ojú ìtàgé. Ní 2017, Bọ́lánlé Austen-Peters gbé Fela and the Kalakuta Queens jáde, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin ilé náà, àwọn tí Fẹlá gbé 27 lára wọn níyàwó ní 20 oṣù kejì ọdún 1978, nígbà tí ìkọlù pé ọdún kan àti ọjọ́ méjì. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé wá sílẹ̀ Ìgbómìnà. Òmù-Àrán ni kí wọ́n dúró sí o. Àwa ará Òrò-Àgọ́ á wá bá wọn níbẹ̀, torí ọ̀nà tiwa burú débi pé ó lè lé onílù padà.