Ìpéǹpéjú Tí Ń Yún

Ẹni tí ó bá dúró ní ọ̀nà èbúté Àpápá fún ààbọ̀ wákàtí, tí tírélà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ fi máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú. Èéfín àti eruku a máa bà lé ìpéǹpéjú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí awọ ara ènìyàn ti fẹ́lẹ́ tó ibẹ̀.

Eruku nìkan kọ́ ni ó ń fà á. Ní etí ìpéǹpéjú, nítòsí ìdí irun, àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà tí òróró ń gbà jáde, kí omi ojú má baà tètè gbẹ. Bí òróró yìí bá dì, tí ó dí ihò náà, etí ojú a pọ́n, a máa yúnni, èépá funfun a sì lẹ̀ mọ́ ìdí irun ní òwúrọ̀. Èyí kì í ranni. Àpólò ni í ran gbogbo ilé. Nígbà tí ó jà ní Gánà ní 1969 ni wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá pè é.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ki aṣọ tí ó mọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ pa ojú dé, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi nu etí ojú, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí olúkúlùkù ní aṣọ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé eruku ni ó fà á, omi tútù ni yóò tu ojú lára jù.

Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé tìróò a máa mú ojú ọmọ mọ́. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí wọ́n ń lé tìróò fún. Nàìjíríà ni wọ́n ti mú tìróò náà wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ òjé. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e tì.

Ẹ má kán ìtọ̀ tàbí omi ọmú sí ojú. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ojú tí a kàn rà láìrí dókítà: òmíràn a mú kí ojú rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, ó lè fọ́ ojú. Bí ojú bá ń dunni, tí ìríran ṣú, tí a kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ojú ọmọ tuntun ń ṣe ipin, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.