Ẹ́ńjìnnì Tútù: Òwúrọ̀ Méjì Nídìí Camry Àlòkù Kan n'Ìbàdàn

Kí a tó kíra wa tán ni ọ̀gá mẹ́káníìkì mi ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ojú ọmọkùnrin tó ń ta mọ́tò náà, ó ní, "Ẹ ti ṣíná sí i láàárọ̀ yìí."

"Rárá o, Bàbá, mo kàn gbé e síwájú kí ẹ lè rí i dáadáa ni."

Bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ọ̀gá kò bá a jiyàn. Ó ní, "Ó dáa. Ara la máa wò lónìí. Ẹ́ńjìnnì di ọjọ́ mìíràn, nígbà tó bá tutù."

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ ra mọ́tò. Ọdún mẹ́ta ló fi dá àjọ owó náà. Ohun tó wù ú ni Toyota Camry tí gbogbo wa ń pè ní Muscle, èyí tó jáde láti 2007 dé 2011. Kò ṣìnà: páàtì rẹ̀ kún Àrárọ̀mí ní Àgodi Gate, mẹ́káníìkì àdúgbò mọ̀ ọ́n tú, inú rẹ̀ sì láyè. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ohun tí wọ́n sì fojú fò dá lára rẹ̀, ọrùn ẹni tó rà á kẹ́yìn ló máa ń já lé. Mo ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Mo ra ọ̀kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn nítorí pé ara rẹ̀ ń dán. Kí oṣù kejì tó pé, mo ti ń gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kiri nínú bọ́ọ̀tù. N kò fẹ́ kí ojú àbúrò mi rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀lé e.

Ọ̀gá yọ mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó fi àkísà wé jáde nínú àpò. Ó ń gbé e lé ara mọ́tò láti iwájú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ irin. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ́yìn, lókè táyà, mágnẹ́ẹ̀tì náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún gbé e lé e, ó tún bọ́. "Pútì nìyí," ló wí. Ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó sì fi ìka hàn wá ibi tí irin ti ká jọ bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Wọ́n ti gbá a lẹ́yìn rí. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan kò tó kí èèyàn kọ mọ́tò, bí kò bá ti dé férémù. Owó ló yẹ kó já. Ọ̀dà tuntun tó ń dán lára mọ́tò àtijọ́ ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Ibi tí mọ́tò ti họ, ojú gbogbo wa ló rí i.

Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé. Ó ń wá ojú ìlà omi tàbí ẹrẹ̀. Mọ́tò tí omi ti bò mọ́lẹ̀ rí, èèyàn lè fọ ìjókòó rẹ̀ kó mọ́ tónítóní, àmọ́ ìdí bẹ́líìtì àti bóòtù abẹ́ ìjókòó tó ti dógùn-ún ló máa ń tú àṣírí. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston l'Amẹ́ríkà ní 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò ló rì sómi, irú wọn a sì máa gba ọjà gbàǹjo dé òkèèrè. Ẹ má jẹ́ ká dá Amẹ́ríkà nìkan lẹ́bi: àwa tí omíyalé oṣù kẹjọ 2011 ṣojú wa n'Ìbàdàn rí bí omi ṣe ń gbé mọ́tò lọ. Ti eléyìí gbẹ, ó mọ́.

Ó wá kan nọ́ńbà. Wọ́n ti sọ fún wa pé mọ́tò 2009 ni. Ọ̀gá tẹ̀ ba gíláàsì iwájú, ó fi èékánná ka nọ́ńbà ṣáàsì tó wà ní igun dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún mọ́tò: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Èékánná rẹ̀ dúró lórí 7. Ọmọkùnrin náà ní bí wọ́n ṣe sọ fún òun náà nìyẹn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá fi nọ́ńbà náà wé èyí tó wà lára férémù ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n bára mu. Ká ní wọn kò bára mu ni, à bá ti lọ sílé láìwo ohunkóhun mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la dé, maiguard ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbá iwájú ọgbà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù rinrin, ìrì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀gá kọ́kọ́ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó wo abẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan funfun tó dà bí ẹ̀kọ mímu bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa wọnú ọ́ìlì. Kò sí níbẹ̀. Ó fa géèjì yọ: ọ́ìlì kún dé àmì òkè, ó sì mọ́ bí oyin. Inú àbúrò mi dùn. Ọ̀gá ní kó fara balẹ̀, pé ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí i lánàá kò lè sọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnnì 2.4 tó wà nínú Camry 2007 sí 2009 ní àrùn kan tí ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ríǹgì kan wà lára písítìnnì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbá ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà padà sísàlẹ̀ níbẹ̀ a máa dí pẹ̀lú èéfín tó ti gan. Bí wọ́n bá ti dí, ọ́ìlì á kù sókè, á sì máa jó pẹ̀lú epo. Ní Amẹ́ríkà, Toyota fúnra wọn gbà láti tún un ṣe fún onímọ́tò tí tirẹ̀ bá ń jẹ ọ́ìlì kọjá ìwọ̀n, fún àkókò tí wọ́n dá. Àwa tó ra àlòkù ní tiwa níbí, àpò wa la máa fi tún un ṣe.

Kí ó tó ṣíná, ó yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú wọn, kó sì kú nígbà tí mọ́tò bá jí. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Eléyìí tàn. Ó wá ní kí n lọ dúró lẹ́yìn, kí n tẹjú mọ́ sàlẹ́ńsà.

Mọ́tò jí lẹ́ẹ̀kan. Èéfín funfun fẹ́lẹ́ jáde, ó sì parẹ́. Ìrì òwúrọ̀ ni. Ọ̀gá fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fààà. Èéfín aláwọ̀ aró tú jáde lójú mi, ó nípọn, òórùn ọ́ìlì tó jóná sì gbá mi nímú. Mo mọ òórùn náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀gá ṣì so ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò bá àléébù kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fi hàn pé mọ́tò kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́, tàbí tí wọ́n yọ bátìrì. Àwa kò tilẹ̀ wà á jáde mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, a sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò mi ra Muscle 2010 kan lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ nínú oòrùn, abẹ́ rẹ̀ sì ń dún kò-kò bí a bá ti bọ́ sínú kòtò. Líńkì iwájú ni, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Jíà rẹ̀ ń wọlé jẹ́ẹ́. Ní òwúrọ̀ tí a lọ bá a, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù, kò sì rú èéfín kankan.

Ẹ̀yin tó ń múra àtira tiyín, mo bẹ̀ yín, ẹ má san kọ́bọ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán fóònù. Ẹ mú mẹ́káníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá sì bá bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, ẹ padà sílé, kí ẹ wá lọ́jọ́ mìíràn.